Òrí Inú Aago Píjò

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí ìjà Jẹ́ẹ́dé, kí ó kàn fọwọ́ yẹpẹrẹ mú Píjò 404 rẹ̀. Lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní Ṣakí ni ọkọ̀ náà máa ń wà, kí oòrùn má baà bó ọ̀dà rẹ̀. Abẹ́ igi yẹn kan náà ni Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, fẹ́ láti máa yan gàrí. Ọdọọdún ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kan, Jẹ́ẹ́dé ń fọ́nnu níwájú Mọ́nsúrù tó ń ra àlòkù irin pé kò sí ohun kan nínú ọkọ̀ òun tí kò ṣiṣẹ́. Jùmọ̀kẹ́ kàn na ìka sí aago kékeré tó ti kú níwájú dírẹ́bà.

"Èyí ńkọ́, Bàbá Ọpẹ́?"

Mọ́nsúrù bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo Jẹ́ẹ́dé. "Tí aago yìí kò bá ṣiṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé, Mọ́nsúrù, wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ tí Jẹ́ẹ́dé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀. Ọkọ̀ yìí ló fi tọ́ ọmọ, òun ló fi gbé Jùmọ̀kẹ́ wálé láti Ìgbòho. Kí ni yóò máa nù láràárọ̀ tí wọ́n bá wọ́ ọ lọ?

Ó tú aago jáde. Bátìrì ọkọ̀ ló ń wé sípíríǹgì irú aago bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì sì gbọ́dọ̀ fẹnu kanra kí ó tó lè wé e. Ẹnu irin méjèèjì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Jẹ́ẹ́dé fi sáńpépà ha wọ́n, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá ekuru ara jíà aago náà. Ó ku epo. Bàbá rẹ̀ a máa sọ pé ohun tí òrí kò bá rọ̀, kò sí ohun tó lè rọ̀ ọ́. Bí ó ṣe bu òrí nínú igbá Jùmọ̀kẹ́ nìyẹn, ó yọ́ ọ, ó sì fi ìyẹ́ adìyẹ kán an sáàárín jíà.

Ó dá aago padà sáyè rẹ̀. Táà! Sípíríǹgì wé, ọwọ́ aago sì gbéra. Jẹ́ẹ́dé hó yèè, ó jó yí ọkọ̀ ká, ó pe àwọn ewúrẹ́ wá wòran. Gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ni aago náà fi ń lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, ọyẹ́ mú gidigidi. Aago dákẹ́ rọ́rọ́. Jẹ́ẹ́dé gbá a, ó bẹ̀ ẹ́, ó fẹnu fẹ́ ooru sí i. Nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù Mọ́nsúrù, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná tí kò tíì dì, tí ìyàwó rẹ̀ gbé fún un, tewétewé, ó fi lé aago lójú, ó sì fi àyà tì í. Ibẹ̀ ni Jùmọ̀kẹ́ ti ká a mọ́, tí ẹ̀kọ ń ṣàn sí i lẹ́wù.

"Bàbá Ọpẹ́, ta lẹ̀ ń fún lóúnjẹ?"

"Òtútù ló ń mú un."

Jùmọ̀kẹ́ tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn. "Òrí mi lẹ fi sí i? Nínú ọyẹ́ yìí? Ó ti dì nù un!" Ẹ̀rín pa á débi pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló dì mú. Jẹ́ẹ́dé kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ẹ̀wù ara rẹ̀, ẹ̀rín gbé òun náà.

Mọ́nsúrù dé tòun ti okùn. "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ṣé kí n so ó?"

"Dúró ná," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Àárọ̀ ò tíì lọ. Bàbá Ọpẹ́, ẹ wà á bọ́ sóòrùn."

Òróró máṣíìnì ìránṣọ, tí kì í dì nínú ọyẹ́, wà ní yàrá Jùmọ̀kẹ́, ó sì mọ ohun tó lè fi í ṣe, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé wa ọkọ̀ lọ síwájú ilé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há ara wọn sínú rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ aago. Oòrùn ń gòkè. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú wọn. Táà!

"Wàláì, ó ń rìn!" Mọ́nsúrù pàtẹ́wọ́. Jùmọ̀kẹ́ dì mọ́ ọkọ rẹ̀ tẹ̀kọtẹ̀kọ.

"Inú oòrùn ni ọkọ̀ yóò máa wà nìyẹn o," ó wí sí i létí.

"Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" Ayọ̀ ti gba Jẹ́ẹ́dé lọ́kàn. Ohunkóhun ni wọn ì bá bi í, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dáhùn.

Ìgbà tó fi máa gbójú kúrò lára aago, agbada gàrí ti jókòó sábẹ́ máńgòrò, Jùmọ̀kẹ́ sì ti ń to ààrò. Jẹ́ẹ́dé la ẹnu láti pariwo. Aago tún dún, táà! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.