Orin Ẹni Tí Yóò Pàdánù

Bí ọ̀kadà ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀ka, ọwọ́ kan ni Clement fi di irun òyìnbó orí rẹ̀ mú, ó fi èkejì gbá kíbọ́ọ̀dù mọ́ra bí ọmọ tuntun. Òwú ni wọ́n fi ṣe irun náà, sítáàṣì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìlà, atẹ́gùn sì ti ń já a gbà díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, ẹ dì mí mú!" ni ọlọ́kadà ń pariwo.

"Ṣé kí n fi eyín dì ọ́ mú ni?"

Àwọn tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì ń nàka sí i. "Òyìnbó Ọ̀ka ń lọ o! Òyìnbó, o ò kí wa!" Lọ́jọ́ mìíràn, Clement ìbá ti dá wọn lóhùn méjì fún ẹyọ kan. Lónìí, inú ń bí i, ó sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ìbíyínká, tíṣà kan ní Ìkàrẹ́, ló kọ eré nípa àwọn olórin méjì ní ààfin ọba òyìnbó láyé àtijọ́. Ántónì àti Fẹ́líìsì ni wọ́n ń jẹ́, ipò olórí olórin ọba ni wọ́n sì jọ ń dù. Ántónì ni yóò borí. Fẹ́líìsì yóò pàdánù, wọn yóò sì lé e kúrò nílùú. Ọlálérè, tó kàwé gboyè nínú orin, tí rédíò máa ń gbé orin rẹ̀ láràárọ̀, ló ń ṣe Ántónì. Clement, tó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ọ́ka fún ọgbọ̀n ọdún, ló ń ṣe Fẹ́líìsì.

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn ún. Láàárín ọgbọ̀n ọdún yẹn, orin mọ́kànlá ló ti kọ tó gbé fún ìgbìmọ̀ àwọn akọrin. "A ó yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá Ọ́gánísì," ni wọ́n máa ń wí, wọn kò sì kọ ẹyọ kan rí. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn, ọdún tí Lucy ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ló kọ ọ́. Lucy dìde, orin kò dìde. Nígbà tí Ìbíyínká wá ní òun fẹ́ lo orin yẹn nínú eré, Clement fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jó. Àfìgbà tó ka ìwé eré débi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: Fẹ́líìsì kọ orin rẹ̀. Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi ni ẹ máa fi rẹ́rìn-ín?" ló bi í.

Ìbíyínká họ orí, ó wolẹ̀. "Ó kàn bá ibẹ̀ mu ni, sà."

Ó bá ibẹ̀ mu! Ó dára náà. Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín lónìí, Clement yóò fa wáyà kíbọ́ọ̀dù yọ, yóò gbé e lé èjìká, ó di Ọ̀ka. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn kò sí. Kí Ántónì máa súfèé, kó fi ìyẹn borí.

Nígbà tó dé gbọ̀ngàn ní Ìkàrẹ́, èrò ti kún, ooru ti ń mú. Fáyólìn méjì ló wà nílẹ̀, pẹ̀lú fèrè kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bìrìgéèdì ṣọ́ọ̀ṣì, àti akọrin mẹ́jọ. Ismaheel, tó ń ta páátì ọ̀kadà lọ́jà, ni ọba òyìnbó. Adé páálí wà lórí rẹ̀. Limota, ìyá rẹ̀, ti gba àga iwájú pátápátá. Ó ní òun ò lè bí ọba tán kí òun máa jókòó lẹ́yìn.

Ọlálérè dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Ẹ káàsán, sà. Irun yín mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

"Ìwọ ṣáà ti wá borí. Tèmi kọ́."

Ọlálérè bá a tún irun òwú náà tò, kò wo ojú rẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ántónì kọ orin tirẹ̀, àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Ọba òyìnbó wá na ọ̀pá rẹ̀ sí Clement. "Fẹ́líìsì! Tìrẹ dà?"

Clement kúnlẹ̀ fún ọba, ó dìde lọ sídìí kíbọ́ọ̀dù, ó fi ìka tẹ orin náà. Fáyólìn tẹ̀ lé e. Àwọn akọrin gbé e:

Olúwa, ìgbà mi dọwọ́ Rẹ,
Bá mi tọ́jú rẹ̀ dalẹ́.

Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ wáyà kí àwọn ará ààfin tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. Limota ti dìde dúró níwájú.

"Ta ló gba igbá rẹ̀?"

Gbogbo orí yí sí i.

"Igbá wo, Màmá?" Ismaheel ti gbàgbé pé òyìnbó ni òun.

"Igbá ọkùnrin yìí! Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ní, Olúwa, igbá òun dọwọ́ rẹ, kóo bá òun tọ́jú rẹ̀. Ismaheel, bó bá jẹ́ ìwọ lo gbà á, dá a padà fún un kíá. N ò kọ́ ọ lólè!"

Háà! Àwọn ènìyàn ń já bọ́ lórí bẹ́ńṣì. Ẹni tó ń fọn fèrè rẹ́rìn-ín sínú fèrè, ló bá dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ọba òyìnbó fi adé bojú.

Clement ṣì bẹ̀rẹ̀, wáyà lọ́wọ́. Igbá kẹ̀? Ó kùn ún lọ́fun. Ì-gbà. Ó tún un kùn gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ gan-an. Ohùn kejì tó yẹ kó dúró nílẹ̀ ló fò sókè bí ọ̀bọ tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. I-gbá. Yéè! Ọdún méjìlá ni òun ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun tọ́jú igbá!

Ohùn orin ló máa ń kọ́kọ́ kọ tán kó tó wá ọ̀rọ̀ sí i, bí ẹni tó rán ẹ̀wù tán kó tó wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló sì ń gbọ́, kì í ṣe ohun tó ń jáde. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyókù gbọ́. Ìgbìmọ̀ gbọ́. Àwọn akọrin tó ń kọ̀yìn síra wọn nítorí ẹ̀rín nígbà ìdánrawò gbọ́. Lucy pàápàá gbọ́, òun tó fi ọwọ́ di ìhà mú bí ẹni ń pa ẹ̀rín mọ́ra lórí ibùsùn àìsàn, tó ní ó dùn. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un títí orin rẹ̀ fi kú.

Ó jọ̀wọ́ wáyà. Ó jókòó. Ó mú ohùn kan ṣoṣo yẹn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tẹ ìlà náà ní òun nìkan. Lẹ́yìn náà ó wo Gift, ọmọbìnrin tó ṣíwájú àwọn akọrin.

"Ẹ tún un gbé."

Gift gbé e. Ìgbà. Ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni tó wọ bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀rín rọlẹ̀ ní bẹ́ńṣì iwájú, ó rọlẹ̀ ní èyí tó tẹ̀ lé e, títí tó fi kan ẹnu ọ̀nà. Nínú ìwé eré, ìlà méjì péré ni Fẹ́líìsì ń kọ. Wọ́n kọ ọ́ dópin.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Limota wí, ó jókòó. "Ìgbà ni. Kí ló wá dé tó ń pè é ní igbá?"

Ó kan Ọlálérè láti sọ pé orin náà kò yẹ etí ọba. Kò sọ ọ́. Ìbíyínká sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọlálérè ṣí irun òwú orí rẹ̀.

"Kábíyèsí, ọjọ́ kìíní ni mo ti gbọ́ àṣìṣe yẹn. Mo dákẹ́. Mo fẹ́ràn bí mo ṣe ń borí."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Ántónì ló sọ̀rọ̀ ni àbí Ọlálérè. Ismaheel wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yíjú sí aṣọ ìkélé. "Àǹtí Yínká, ta ló wá borí báyìí?"

Ìwé eré fò jáde láti ẹ̀yìn ìkélé, ojú ewé rẹ̀ fọ́n káàkiri. "Ẹ bi Màmá!"

Limota tún ìdí rẹ̀ ṣe lórí àga. "Kó tún un kọ ná. Ẹnìkan kì í fi gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀kan dájọ́."

Ọlálérè gba fáyólìn kan lọ́wọ́ onífáyólìn, ó wá dúró ti Clement, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èrò tú jáde, tí àwọn ará Ṣúpárè ń du ọ̀kadà mọ́ àwọn ará Ọ̀ka lọ́wọ́, Clement gbọ́ orin rẹ̀ níwájú. Limota ló ń kùn ún bó ṣe ń lọ sílé, ó fi ohùn Ìkàrẹ́ kọ ọ́. Ó dé "tọ́jú rẹ̀", níbi tí Clement ti gbé ohùn gòkè, ó sì rọra mú un wálẹ̀. Clement la ẹnu láti tún un ṣe fún un. Ó tún gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà lẹ́nu ìyá náà: ó tọ̀nà ju tòun lọ. Ó pa ẹnu dé.

Ọlọ́kadà kan ń pè é, "Bàbá, Ọ̀ka ni?" Clement juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù bọ́ sí èjìká kejì, ó sì tẹ̀ lé ìyá náà, ó jìnnà sí i díẹ̀, kó má baà mọ̀ pé ẹnìkan ń gbọ́.