Ibi Tí Omi Ti Ń Wá

Akunlé ń họ ògiri yàrá bàbá rẹ̀. Ọ̀dà funfun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn kí òjò tó dá ń ṣí bọ́ lábẹ́ irin rẹ̀ bí awọ ara. Dúdú tí ó bu sábẹ́ ọ̀dà náà ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. Ó ti fi aṣọ di imú. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, nítorí pé bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé yàrá náà. Ó ní atẹ́gùn ń mú òun láyà.

Ìgbà kẹta nìyí. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi bò: ohun tí arúgbó náà ń fà símú lára ògiri yìí ni ó ń dá ikọ́ sí i lára, bí ó bá sì tún bu, kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n Akunlé obìnrin ti tún yàrá kan ṣe sílé ọkọ rẹ̀. Ọ̀la ni ó ń bọ̀ wá fi ojú ara rẹ̀ wo ògiri. Bàbá ní òkú òun ni wọn yóò gbé kúrò nínú ilé tí òun àti ìyá wọn jọ gbé.

"Akunlé!" Obìnrin tí wọ́n jọ ń lo àgbàlá, tí gbogbo ilé ń pè ní Gbọ́yìísọ̀yí lẹ́yìn, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ògiri yẹn náà lo tún ń bá fà á? Kúkú fẹ́ ẹ, ká lè mọ̀ pé ìyàwó ẹ ni."

"Kò tíì gbà fún mi ni, mà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Akunlé ò rẹ́rìn-ín. Ó ti gun orí àjà láàárọ̀: òrùlé gbẹ táútáú. Kò sí páìpù kankan nínú ògiri náà. Omi kì í sì í dédé wá. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni dúdú náà ti ki jù, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ti kun ọ̀dà yí kọ́bọ́ọ̀dù náà ká, nítorí bàbá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, kò ṣeé sún. Iṣẹ́ ààbọ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé èjìká tì í.

"Má fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn!" Ohùn bàbá ta láti pálọ̀, ikọ́ sì gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó ti sún un.

Okùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, láti ìṣó dé ìṣó. Àwọn aṣọ kéékèèké tò sórí rẹ̀, wọ́n tutù, omi ń kán lára wọn sílẹ̀. Aṣọ tí ìyá rẹ̀ máa ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà ayé rẹ̀ ni. Wọ́n ti gé e sí ìwọ̀n tí ènìyàn lè tẹ́ sábẹ́ ìdí sùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣẹ́ gbogbo etí wọn, abẹ́rẹ́ kò sì ṣìnà níbì kan. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀ kí ojú tó di bàìbàì. Òórùn ọṣẹ pọ̀ lára àwọn aṣọ náà, ṣùgbọ́n òórùn ìtọ̀ kò tíì tán lábẹ́ ọṣẹ.

Nígbà náà ni ó mọ ìdí tí fèrèsé kì í fi í ṣí, àti ìdí tí okùn àgbàlá, tí ó kọjá níwájú ilẹ̀kùn Gbọ́yìísọ̀yí, kò fi rí aṣọ bàbá rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ẹni tí ó sọ bí ojú ti í ti òkété tó lọ́jọ́ náà.

Ó ṣí fèrèsé. Ó kó àwọn aṣọ náà sínú ike, ó gba pálọ̀ kọjá. Bàbá kò gbójú sókè. Níta, ó ń sá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú oòrùn nígbà tí ilẹ̀kùn Gbọ́yìísọ̀yí ṣí.

"Aṣọ ta nìyẹn?"

"Tèmi ni, mà. Mo fi ń nu ọ̀dà."

"Èyí tó funfun báyìí? Tó tún ṣẹ́tí?"

"Télọ̀ ló bí mi, mà. Àkísà gan-an ò lè jáde nílé wa láìṣẹ́tí."

"Ẹ̀yin yìí!" Ó fi ẹ̀rín wọlé lọ. Nínú pálọ̀, ikọ́ ti dákẹ́ pátápátá.

Nígbà tí ó padà wọlé, bàbá ń wo ilẹ̀.

"O parọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Èmi ò kọ́ ẹ ní irọ́." Èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè. "Fa etí aṣọ yẹn kó tó gbẹ. Tó bá ti sún kì, kì í tẹ́ dáadáa mọ́."

"Màá fà á. Láràárọ̀ ni màá máa yà wá sá a, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ilé mi ò ní oòrùn."

"Irọ́ nìyẹn náà."

"Òun náà ni, bàbá."

"Kí lo máa wá sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Pé òrùlé ló ń jò, pé mo ti dí i."

Èyí, bàbá kò pè é ní irọ́. Ó kàn mi orí.

Akunlé padà sídìí ògiri. Ó họ ọ́ títí dé ilẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó tú okùn kúrò, ó sì fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn yóò ti máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kò kùn ún. Ẹni tí ó bá kun ògiri tí kò tíì gbẹ dénú, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ó fọ irinṣẹ́ rẹ̀, ó dágbére, ó gbé àkàbà lé èjìká.

Lójú ọ̀nà, ó ń sọ gbólóhùn náà lábẹ́lẹ̀, kí ó lè dán lẹ́nu rẹ̀ dọ̀la: òrùlé ló ń jò, mo ti dí i. Ó tún un sọ, ó tún un sọ. Ì bá jẹ́ òrùlé ni lóòótọ́. Òrùlé, òun mọ bí wọ́n ṣe ń dí i.