Ìpinnu Lílọ sí Ọgbà Ẹranko

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni a máa ń ṣe ìpàdé nílé wa, lẹ́yìn oúnjẹ, lórí tábìlì tí a fi jẹun náà. Ọkọ mi á nu tábìlì gbẹ, á gbé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ka iwájú, á kọ ọjọ́ oṣù sókè ojú ewé, á sì pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè nínú ilé gíga ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún nídìí rẹ̀. Níbi iṣẹ́ wọn, bí èèyàn márùn-ún bá fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹ̀rọ kan dúró, àwọn márùn-ún náà ló gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Mẹ́rin kò tó. Ó gbé òfin náà wá sílé. Ó ní ohun tí kò jẹ́ kí èèyàn já bọ́ láti àjà kẹsàn-án, kò lè pa ìdílé lára.

Márùn-ún ni àwa náà: òun, èmi, ìyá rẹ̀ tó ń bá wa gbé, àkọ́bí wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, àti àbíkẹ́yìn wa, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje, tí a ń pè ní Lọ́yà nítorí pé èèyàn kò lè sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ kó má bèèrè ẹ̀rí.

Àkọ́bí kò gbé ilé mọ́. Oṣù mọ́kànlá rèé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo ń sọ yìí, Lọ́yà ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó mú ìwé kan tí wọ́n fún wọn níléèwé dání, ìwé ọgbà ẹranko tó wà létí òkun. Erin, àgùnfọn àti erinmi wà ní apá kan ọgbà náà. Ní apá kejì, èèyàn á gba abẹ́ omi kọjá láàárín gíláàsì tó nípọn, àkùrákùdà á sì máa wẹ̀ lókè orí rẹ̀.

Lọ́yà ní, “Mo fẹ́ ká lọ ní Sátidé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ọkọ mi kò kọ ọ́. Ó ń ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi dé ibi tó ń wá.

“A ti pinnu lórí rẹ̀ rí,” ó wí. Ó kà á sí wa létí: “Ìpàdé fẹnu kò pé a ó lọ sí ọgbà ẹranko etí òkun ní ọjọ́ tí gbogbo wa bá pé, láìku ẹnì kan sílé.”

Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ ọmọ. Ìbuwọ́lù márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò ni Ìyá àgbà tẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Lọ́yà nígbà náà, lẹ́tà rẹ̀ dà bí igi ìdáná tí wọ́n dà sílẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni gbogbo wa máa pé?” Lọ́yà bèèrè.

Bàbá rẹ̀ fa ìwé padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

“Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká yí i padà,” Lọ́yà wí.

“Ọwọ́ márùn-ún ló lè yí i.”

“Mẹ́rin ló wà níbí.”

“Mẹ́rin kò tó.”

“Ta ló sọ pé kò tó?”

“Òfin ni.”

“Ta ló ṣòfin?”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín sínú ife omi rẹ̀. “Dá a lóhùn,” ó wí fún ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lo ní kí wọ́n máa bèèrè.”

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí àkọ́bí ṣe lọ, nítorí kò gùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe ìdánwò àṣewọlé tí kò yege. Ó ní òun kò ní ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun ti ríṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì kan, òun sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ mi kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ kẹta ni lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ẹ̀rọ omi tó ń jò, ṣáájú kọ́kọ́rọ́ géètì. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó padà sídìí ìwé nawọ́. Òun nawọ́. Èmi náà nawọ́. Inú lẹ́tà ni mo ti kàwé tèmi, wọ́n á fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, èmi náà á fi ìdáhùn ránṣẹ́, ọdún mẹ́sàn-án gbáko lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Mo gbà pé ẹni tí wọ́n jókòó tì, tí wọ́n ń kọ́ lójúkojú, kò ní àwáwí. Àkọ́bí àti Ìyá àgbà kò nawọ́. Lọ́yà ti sùn lọ lórí àga. Ó di méjì sí méjì, alága sì lo ìbò tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọwọ́ mi ni àkọ́bí ń wò. Kò wo ti bàbá rẹ̀.

“Ẹ dìbò lé mi lórí,” ó wí, “bí ẹni ń dìbò lórí kọ́kọ́rọ́ géètì.” Ilẹ̀ kò tíì ṣú tó fi gbé báàgì rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ti ń pe orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé. Á dúró díẹ̀, á sì kọ ọ́ pé, “Kò sí.”

Ní ìpàdé ọjọ́ ọgbà ẹranko yìí, ọkọ mi wá sọ fún Lọ́yà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. “Màmá rẹ á mú ìwé lọ bá a. Bó bá fọwọ́ sí i pé ká lọ láìsí òun, a ó lọ.”

“Ìwọ ńkọ́?” Ìyá àgbà bi í. “Wọ́n gé ọ lẹ́sẹ̀ ni?”

“Alága kì í gbé ìwé kiri, Màámi.”

“Hẹn. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Tìẹ ti yàtọ̀. Bírò lo fi ọ̀tún mú.”

Ọkọ mi kọ nǹkan kan sílẹ̀. N kò rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ni.

Lọ́yà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹ̀yìn ìwé iléèwé rẹ̀ ṣètò ìrìn àjò náà. Bọ́ọ̀sì aago méje. Fífún àkùrákùdà lóúnjẹ, aago mọ́kànlá. Ìwẹ̀ erin, aago méjì. Bàbá rẹ̀ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ ó sì bu ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹsẹ̀ Ìyá àgbà kò yá. Ìyá àgbà ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, kí wọ́n ṣáà wá àga fún òun níbi tí ibòji bá wà, ẹranko tó bá fẹ́ rí òun á wá kí òun níbẹ̀. Lọ́yà kọ “àga” sílẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń yọ òwú kúrò lára aṣọ iṣẹ́ mi.

Mo mọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ kí àkọ́bí ka ìwé náà kó ní òun kò ní fọwọ́ sí i, nítorí pé òun náà ń bọ̀. A ó pé márùn-ún nígbà náà, ìpinnu àtijọ́ á sì ṣẹ bí a ṣe kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lo àkókò ìsinmi ọ̀sán mi. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá aṣọ, níbi tí a ti ń lẹ aṣọ ibùsùn tó ya tí a sì ń kọ àmì sí wọn létí. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni láti ibẹ̀ dé ilé búrẹ́dì náà. N kò rìn ín rí láti oṣù mọ́kànlá.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà. Ooru ń jáde lójú ilẹ̀kùn. Obìnrin sísanra kan tó ń to páànù búrẹ́dì wò mí, ó wo imú mi, ó ní, “Ìyá Akọ̀wé nìyí. Ẹ káàsán, Mà.”

“Akọ̀wé?”

“Ọmọ yín ni. Ó ti sọ gbogbo wa di oníwèé. Kò sẹ́ni tó lè pa iná ààrò mọ́ láìfọwọ́ sí i. Ọkọ mi pàápàá ò ṣọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.” Ó kọjú sínú ilé. “Akọ̀wé, ẹ ní àlejò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá o, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó jáde wá. Ìyẹ̀fun bò ó dé ìgùnpá, àpá iná méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí n kò mọ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé kò sí ohun tó ṣe Ìyá àgbà?”

“Kò sí. Ó ń jẹun jù mí lọ.”

“Lọ́yà ńkọ́?”

“Ó wà.”

Kò bèèrè ẹlòmíràn. Mo fún un ní ìwé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara kó tó gbà á, ó ka ìpinnu tuntun tí bàbá rẹ̀ ti kọ sílẹ̀, ìlà mẹ́ta, pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀ àti àlàfo kan. Lẹ́yìn náà ló ń ṣí ojú ewé padà. Ó ṣí púpọ̀.

“Wọ́n ń pe orúkọ mi?”

“Ní gbogbo ọ̀sẹ̀.”

“Ta ló máa ń dáhùn?”

“Kò sẹ́ni tó máa ń dáhùn.”

Ó pa ìwé dé. “Ẹ̀yin fẹ́ kí n fọwọ́ sí i?”

Ó yẹ kí n ní rárá. Ẹnu mi ní, “Lọ́yà ló fẹ́ lọ.”

“Mi ò bi yín ní ti Lọ́yà.”

Bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú títì. Mo ní, “O lè bá wa lọ.”

“Ṣé ó wà nínú ìwé?”

“Kí ni?”

“Pé kí n wá. Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?”

Mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà. “Kò sí níbẹ̀.”

“Ẹ ò rí i.” Kò pariwo. Ohùn tí èèyàn fi ń sọ pé iyọ̀ ti tán ló fi sọ ọ́. “Mi ò ní fọwọ́ sí i, Màmá. Ẹ̀yin lẹ yọ mí nígbà yẹn. Ẹ má gbé bírò fún mi kí n fi yọ ara mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa lọ. Mi ò dí ọmọ lọ́wọ́ ẹja.”

Obìnrin sísanra náà kígbe pé ó ku ìṣẹ́jú kan. Àkọ́bí mi wọlé, ó mú búrẹ́dì gígùn kan jáde, ó ní kí n fún Lọ́yà. Ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó wọlé padà.

Mo padà síbi iṣẹ́. Aṣọ ibùsùn méjìlá ló ń dúró dè mí. Mo kọ àmì sí wọn létí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú tàdáwà dúdú tí omi gbígbóná kì í fọ̀. Nígbà tí mo parí ẹ̀kejìlá, mo ṣí ìwé ìpàdé, mo sì kọ orúkọ àkọ́bí mi sí àlàfo náà bí òun ṣe máa ń kọ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo dúró kí ó gbẹ, mo pa ìwé dé, mo sì ka aṣọ náà, wọ́n pé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọkọ mi ṣí ìwé sí ojú ewé náà. Ó wò ó pẹ́. Tàdáwà náà ti là kọjá sí ẹ̀yìn ìwé. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìbuwọ́lù irọ́; ọdún méjì sẹ́yìn ló mú kí wọ́n lé ọkùnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹyọ kan péré. Ó fi ìka tọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìyá àgbà ń wò ó, ó sì ń wò mí.

“Ó pé márùn-ún?” Lọ́yà bèèrè.

“Ó pé,” ó wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Àbámẹ́ta, bọ́ọ̀sì aago méje. Lọ́yà ka ètò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àga. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá àkùrákùdà máa ń sùn. Bàbá rẹ̀ ní òun kò mọ̀, òun á bèèrè. Ó ní ìpàdé ti parí, ó kọ aago sí i, ó sì pa ìwé dé.

Mo ti rò pé nǹkan kan á ṣe mí nígbà náà. Mo kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná, mo fọ̀ wọ́n, mo nù wọ́n.

Ọkọ mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé ara rẹ̀ le?”

“Ara rẹ̀ le. Wọ́n ń pè é ní Akọ̀wé níbẹ̀.”

“Ìwọ lo fọwọ́ sí i.”

“Èmi ni.”

“Kí ni òun sọ?”

“Ó bi mí pé ibo la kọ ọ́ sí pé kó wá.”

Ó bojú wo ẹ̀yìn, síbi tábìlì tí ìwé wà. “A kò kọ ọ́.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Lọ kọ ọ́.”

“Mo ti pa ìpàdé dé,” ó wí. “Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Àbámẹ́ta á ti kọjá nígbà yẹn.”

“Mo mọ̀.”

Kò lọ. Ó gba aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ mi, ó mú abọ́ tó wà lókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn abọ́ tí mo ti nù.