Àwọn Lẹ́tà Tí Mo Rò Pé Wọn Ò Ní Lọ

Ọjọ́ tí Àníọlá, àkọ́bí mi, gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún mi ní Ìkàtẹ́, ó ní ọ̀nà méjì ló wà tí mo lè gbà máa ka ímeèlì. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Á kó lẹ́tà wọlé, lẹ́tà á sì jókòó sílé mi. Èkejì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì lè ṣí i níbikíbi, bí mo bá ṣáà ti rántí páásíwọọ̀dù.

"Màámi, ẹ mú ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ló rọrùn."

"Bí mọ́dẹ̀mù tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá ò bá lówó nínú ńkọ́?"

"Ẹ ò ní lè ṣí i nìyẹn. Ẹ ò tiẹ̀ ní rí ibi tẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí."

"Gbé e kúrò níwájú mi! Èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, nǹkan tó máa pa mí lẹ́nu mọ́ lo fẹ́ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi fi ti inú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹja yíyan ni mò ń tà, àwọn oníbàárà mi tó wà lókè òkun a sì máa kọ̀wé béèrè ẹja. Àna mi náà, Ìyá Babájídé, a máa kọ̀wé sí mi láti Igbó Ẹfọ̀n. Babájídé ni ọkọ Jùmọ̀kẹ́, àbíkẹ́yìn mi. Tíṣà ni ìyá rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí kì í fi lẹ́tà sọ.

Ìgbà tí Jùmọ̀kẹ́ bímọ, èmi ìyá ìyàwó ló yẹ kí n lọ wẹ ọmọ. Mo ti di àpò. Mo ti ra kànìnkànìn. Ni ikọ́ èéfín ẹja bá gbé mi ṣánlẹ̀. Dókítà ní n ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ tuntun àfi tí ikọ́ náà bá lọ. Bí àna mi ṣe bá mi wọlé ìwẹ̀ nìyẹn o. Ó fi fọ́tò ibi tó ti ń wẹ ọmọ lórí itan ránṣẹ́, kí n lè rí ọmọ. Lẹ́yìn tí fọ́tò wọlé ni owó inú mọ́dẹ̀mù mi tán, ṣùgbọ́n fọ́tò wà nínú kọ̀ǹpútà ní tèmi, mo sì ń wò ó tàárọ̀ tọ̀sán.

Bí mo ṣe ń wò ó ni inú ń bí mi. N ò rí ooru kankan lójú omi ìwẹ̀. Èwo tún ni wíwẹ ọmọ láìsí ooru? Mo wúkọ́, mo nu imú, mo kọ̀wé: "Ìyá Babájídé, ṣé omi tí ẹ fi ń ṣan kọ́ọ̀bù tíì lẹ fi ń wẹ ọmọ ọmọ mi?" Mo ní kó lọ. Kọ̀ǹpútà ní kò lè lọ, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Áà, ó tù mí lára! Ó dà bí ìgbà téèyàn só nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan. Ara fúyẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ òórùn. Lójú tèmi, lẹ́tà tí kò lọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ti kú nìyẹn, bí ẹja tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní èbúté. Lọ́jọ́ kejì mo kọ òmíràn, mo bú ọwọ́ tí wọ́n fi di ọmọ mú. Ẹ̀kẹta ló burú jù: "Itan yín gbẹ ju ẹja tí mò ń yan lọ. Orí egungun lẹ ń tẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lé."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ.

Ikọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ dé Igbó Ẹfọ̀n, Àníọlá wá láti bá mi gbé àpò. Ó ní kí òun fi mọ́dẹ̀mù tòun dá oníbàárà kan lóhùn ná. Mo ń wé gèlè lọ́wọ́ nígbà tó ní:

"Màámi, bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe dé báyìí, àwọn lẹ́tà yín tó ti há ti lọ o."

"Lẹ́tà wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ kọ sí Ìyá Babájídé. Mẹ́ta ni."

Gèlè bọ́ lọ́wọ́ mi. "Fà á padà!"

"Kò ṣeé fà padà."

Mo yọ mọ́dẹ̀mù. Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

"Ẹ ò bá kúkú bu omi lé e lórí," ni Àníọlá wí. "Kí lẹ kọ gan-an?"

Mo sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe di orí mú. "Màámi, ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò. Ojú ń dùn wọ́n, Babájídé ló ń bá wọn kọ ọ́, òun náà ló ń bá wọn ṣí i níbi iṣẹ́. Á wá kà á fún wọn lórí fóònù."

Ọkọ ọmọ mi! Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó bá rí mi, òun ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ itan ìyá rẹ̀.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láìwé gèlè. Wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì nígbà yẹn, katapílà sì dábùú ọ̀nà fún wa. Mo ní, "Dírẹ́fà, gba ẹ̀gbẹ́!" Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ bímọ ni?" Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá dá a lóhùn. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí iṣẹ́ pọ̀ níwájú Babájídé.

Jùmọ̀kẹ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Àna mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ọmọ wà lọ́wọ́ wọn, báàfù omi wà níwájú wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Àníọlá. Ṣé ikọ́ ti lọ?"

"Ó ti lọ, mà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

"A dúpẹ́. Ẹ wá fọwọ́ kan omi yìí. Ṣé kì í ṣe ti kọ́ọ̀bù tíì?"

Ilẹ̀ ni mo bá ara mi, orúnkún mi méjèèjì. Mo lẹ́nu ju gbogbo Ìkàtẹ́ lọ, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni mo rí sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ mi ò lè ka ẹ̀kẹta tán," ni wọ́n wí. "Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Èmi ni mo ní kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kó jẹ́ kí n wá ẹni tó máa kà á parí fún mi." Wọ́n wò mí. "Ẹ dìde. Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀. Ọmọ fẹ́ wẹ̀."

Wọ́n tẹ́ ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ fi ọwọ́ àgbà hàn wọ́n, mo ní kí Jùmọ̀kẹ́ bu omi gbígbóná kún un. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó ń gbé ẹja lórí iná kò mọ ohun tó ń jẹ́ gbígbóná mọ́. Bí omi ṣe kan ẹ̀yìn ọmọ, ó fi igbe ta, ó ká bí edé.

N ò lè gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ bá mi bu omi tútù sí i, mà."

Àna mi bù ú. Mo fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ, ọmọ dákẹ́.

Babájídé dé nírọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ kúulé, mà." Ó ì bá sàn kó gbá mi létí.

Nígbà tí mo padà sílé, mo ní kí Àníọlá bá mi sọ ọ́ di ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí mi ò ní rí ibi kọ̀wé sí bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá sí. Kò rẹ́rìn-ín, ó bá mi ṣe é. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ níbẹ̀. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, torí mo mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kà á.