Rédíò Fẹ́ Mu Omi

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí ìyá mi kí wọ́n dákẹ́ rí. Rédíò ni àdúgbò ń pè wọ́n, inú wọn a sì máa dùn sí i. "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni wọ́n máa ń dáhùn.

Rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, ara bọ́ sípò, ó wá ku ọ̀fun. Bí wọ́n bá mu omi lásán, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà. Dókítà ní kí n máa po ìyẹ̀fun kan mọ́ omi wọn títí yóò fi ki. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Màmá fi mu nǹkan ọ̀hún. "Ṣé ìfun mi ya ni, tí ẹ fi ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́?" Omi tútù nìkan ni wọ́n ń fẹ́ láyé. Wọ́n tiẹ̀ lá àlá rẹ̀, wọ́n sì rọ́ ọ fún mi láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Lónìí ni ìdánwò. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì ti wà ní pálọ̀ wa. Ife omi kan péré ni. Bí Màmá bá wúkọ́, ó tún di oṣù kan pẹ̀lú gọ́ọ̀mù.

"Ṣé ẹ ti fọ ẹnu wọn?"

"Mo fọ eyín, mo fọ èrìgì, mo fọ ahọ́n." Mo ti mọ̀ ọ́n sórí: ìdọ̀tí ẹnu tó bá bá omi ṣìnà, àyà ló ń lọ dá wàhálà sí. Mo tiẹ̀ fọ eyín àtọwọ́dá Bàbá mọ́ ọn, nígbà tí ọwọ́ mi ti kúkú wà níbẹ̀.

"Ó dáa. Màmá, ẹ mu díẹ̀, ẹ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sọ̀rọ̀ títí n ó fi ní ó yá."

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ mì. Ìkejì, ìkẹta. Ó ku ẹ̀kún ẹnu kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sẹ́nu ni Bàbá, tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n sì rí àyè sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àádọ́ta ọdún, bá yíjú sí nọ́ọ̀sì, eyín ń dán.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí mi?"

Ojú Màmá yọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Ó ṣe mí bíi kí n já eyín yẹn gbà lẹ́nu Bàbá! Màmá na ìka kan sí Bàbá, bí ẹni ń sọ pé ẹ dúró dè mí, wọ́n tẹ àgbọ̀n wálẹ̀. Ọ̀fun lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún lọ sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣì gbé ọwọ́ sókè. Mo rò pé ìyá mi máa bẹ́.

"Ó yá."

"Irọ́ gbáà! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ta ló kọ ojú ewé méje, tó fi omijé ba mẹ́ta jẹ́?"

Ohùn wọn já gaara. Kò sí ikọ́. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín débi pé bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo fẹ́ ní kí ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n gbọ́ bóyá omi dúró lọ́fun. Mo ti gbọ́. Ẹ máa mu omi yín, Màmá."

Mo jó, mo sunkún, mo tún jó. Màmá rán mi lọ sídìí àpótí wọn. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, íǹkì ti ràn. Màmá ní kí Bàbá kà á sókè kí ayé gbọ́. Mo bu omi tútù wá. Bàbá ń kà, Màmá ń mu omi díẹ̀díẹ̀, àgbọ̀n mọ́ àyà. Odindi ojú ewé méje, ìyá mi ò sọ̀rọ̀.