Ojú Tèmi, Ẹnu Ta Ni?

Ọ̀gá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ kí mi. Mo ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì ìránṣọ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín mi, ló bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. "Ìyá aránṣọ, ẹ kú ewu o! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́."

Ewu wo? Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n á kí láàárọ̀ kùtù táá máa da ìbéèrè bo ẹni tó kí i bí ọlọ́pàá? Mo yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, mo ní, "A dúpẹ́ o, ẹ ṣeun." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Kò pẹ́, obìnrin tó ń ta òwú fún mi dé, ó ní ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Mo ní a dúpẹ́. Oníbàárà kan wá gba aṣọ, òun náà ní ẹ kú ewu. Mo tún ní a dúpẹ́. Ẹ wò ó, ẹnu mi mú o. Torí ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ mí ní Abẹ́rẹ́ láti kékeré. Ṣùgbọ́n mi ò fi ìkíni sílẹ̀ láìdáhùn rí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tí wọ́n bá kí tí kò dáhùn, ìgbátí ló máa gbà.

Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ ẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́ dé, kò bọ́ bàtà kó tó tẹ́ ìwé ìròyìn síwájú mi. "Ìgbà wo lo ṣàìsàn ọdún mẹ́ta nínú ilé mi tí mi ò mọ̀?"

Mo wo ìwé náà. Yéè! Èmi rèé. Ojú mi rèé, mo rẹ́rìn-ín gàgà. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé: "Ọdún mẹ́ta gbáko ni inú rírun fi bá mi fínra. Mi ò lè jẹ, mi ò lè sùn. Wọ́n ní ọ̀bẹ nìkan ló kù. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n ra ÌTURA ARA. Kí ìgò kejì tó tán, ara mi ti dá ṣáṣá! Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ tún ń wò? Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú o, orí kìnnìún ni kẹ́ ẹ wò lára ìgò."

"Èmi kọ́," mo ní.

"Ojú ẹ kọ́ nìyí?"

"Ojú mi ni, ṣùgbọ́n èmi kọ́!"

Ọkọ mi ṣí ìwé náà sí ẹ̀yìn, ojú mi tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, sítóòfù ni mò ń polówó. "Láti ọjọ́ tí mo ti ra Sítóòfù Iná Wúrà, oúnjẹ mi ń yá, ọkọ mi kì í pẹ́ níta mọ́." Èédú la fi ń dáná nílé wa o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi fajú ro. "Ṣé mo máa ń pẹ́ níta ni? Kí ni màá sọ fáwọn ará ibi iṣẹ́?" Orí mi dàrú pátápátá.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ̀dọ̀ ayàwòrán lọ tìbínú-tìbínú. Lọ́dún tó kọjá, mo ya àwòrán yẹn lọ́dọ̀ ẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun tí mo rán fúnra mi, kí n lè gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, káwọn oníbàárà rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kò tiẹ̀ sẹ́. Ó ní ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ polówó ọjà ló wá ra àwòrán lọ́wọ́ òun, ó sì yan èyí tó rẹ́rìn-ín jù. "Bébà lẹ gbà lọ, ìyá aránṣọ. Gíláàsì tí mo fi ya yín, tí mo fi ń tẹ àwòrán jáde, wà nínú àpótí mi, tèmi sì ni. Ẹ má bínú. Ẹ wò ó, èmi náà ti ń mu ún." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn aṣọ dúdú tó ń bo ẹ̀rọ ẹ̀, ó gbé ìgò kan jáde, orí kìnnìún wà lára ẹ̀. "Ẹ̀yìn máa ń dùn mí. Nígbà tí mo rí ojú yín nínú ìwé ìròyìn, mo ní, háà, ìyá aránṣọ kì í purọ́ ní tiẹ̀."

Mo wò ó títí. Ìwọ lo tà mí o! Ìwọ gan-an lo tà mí, o wá ń mu mí ní ṣíbí-ṣíbí! Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín, ó kọjá ẹkún. Nígbà tí mo ń bọ̀ lọ́nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè ohun tí kò yẹ kí n bi ara mi. Ṣé mi ò tiẹ̀ mu ún rí ni? Ìgbà kan wà tínú ń run mí, tí ọkọ mi po nǹkan kíkorò kan fún mi nínú ife. Kí ló wà nínú ife yẹn?

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo yà sí, mo rò pé ara á tù mí níbẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo sùn sí, ìdí áyọ́ọ̀nù ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Nǹkan kan ń dàgbà nínú ikùn ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àfi kóun la ikùn náà kóun yọ ọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́, torí tó bá pẹ́, ọ̀bẹ ò ní ràn án mọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kó wọ ọsibítù, àpò tó fẹ́ gbé lọ ti wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti tú àpò náà. Ìgò Ìtura Ara wà lórí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, àwòrán mi tó gé nínú ìwé ìròyìn wà lára ògiri, ó fi ìṣó kàn án mọ́bẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ nìyẹn o."

"Ojú ta ni?"

"Ojú mi ni."

"Aṣọ ta ni?"

"Aṣọ mi ni. Èmi ni mo rán an."

"Ẹ̀rín yẹn ńkọ́?"

"Tèmi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ojú tìẹ ni, aṣọ tìẹ ni, ẹ̀rín tìẹ ni. Ẹnu nìkan ni kì í ṣe tìẹ? Ọ̀gá ilé ìwé kó aṣọ ẹ̀ wá lánàá, ó ní òun kí ẹ kú ewu. Kí lo fi dá a lóhùn?"

"Mo ní a dúpẹ́."

"Ẹni tí kò rí ewu, kí ló ń dúpẹ́ lé lórí?" Omi wá lé ròrò sójú ẹ̀. "Oògùn kọ́ ló dùn mí, Abẹ́rẹ́. Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ dàgbà, o ṣàìsàn, o ò sọ fún mi. Inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń gbọ́ pé àbúrò mi fẹ́ kú. Tó o bá tún wá ní o ò mu ún, a jẹ́ pé o ò fẹ́ kí tèmi náà sàn nìyẹn."

Mo kúnlẹ̀, mo búra, mo ń sunkún. Bí mo ṣe ń búra ló ń mi orí, bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jẹ ṣúgà tó ń sẹ́. Ọkọ mi náà lọ bá a sọ̀rọ̀, ó padà dé lọ́wọ́ òfo. Ó ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́, òwe kọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi gbé aṣọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí n bá òun tú ìbàdí ẹ̀. Ó ní Ìtura Ara ń ṣiṣẹ́, òun ń sanra. Mo fi okùn ìwọnṣọ yí i ká. Apá ẹ̀ ti gbẹ, ọrùn ẹ̀ ti gbẹ. Ikùn nìkan ló ń tóbi. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń fàlà sára aṣọ. Mo rò ó pé ẹni tí ò gba èmi gbọ́, ó ṣáà gba obìnrin inú ìwé gbọ́. Kí obìnrin inú ìwé bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó dáa. Mo mu ún."

Ó pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ṣùgbọ́n wọn ò kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Dókítà ló kọ́kọ́ yọ tèmi. Ẹ̀yìn ìgbà tó yọ ọ́ tán ni Ìtura Ara tó ṣiṣẹ́. Tí nǹkan yẹn bá ṣì wà ńbẹ̀, òun ni oògùn á máa bọ́."

Ó wo ikùn ẹ̀, ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. "O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà yìí, ọmọ yìí," ó ní. Ó lọ sílé, ó di àpò ẹ̀ padà, ó gba ọsibítù lọ. Ó fi aṣọ ìnura wé ìgò náà sínú àpò.

Wọ́n la ikùn ẹ̀, wọ́n yọ nǹkan náà, kò sì kú. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé lọ wò ó, mo bá a tó ti fi ìrọ̀rí gbé orí sókè, ojú ẹ̀ funfun díẹ̀, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ti yá. Bí mo ṣe yọ, ó nawọ́ sí mi. "Ẹ wò ó! Àbúrò mi nìyí, ẹni inú ìwé ìròyìn. Ìtura Ara ni tèmi náà o!"

Gbogbo yàrá kọjú sí mi. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó dojú kọ tiẹ̀, ó kéré sí wa. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ la tiẹ̀. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ẹ̀.

"Irọ́ ni o!" mo pariwo. "Mi ò mu oògùn kankan! Dókítà ló wo ẹ̀gbọ́n mi sàn, mi ò tiẹ̀ ṣàìsàn rí!"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di ojú ọgbẹ́ mú. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ojú ló ń tì í."

Obìnrin náà gbé ẹrù ẹ̀ sí apá, ó wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ewu, mà."

Ẹnu mi ti là. Ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n mi, ó fẹ́ já bọ́. Mo pa ẹnu mi dé.

Bóyá ó rò pé mi ò gbọ́. Ó tún un sọ, ó pariwo sí i: "Mo ní ẹ kú ewu, mà."

Mo ń wò ó, mi ò dáhùn. Nọ́ọ̀sì tó ń nu fèrèsé dúró. "Abẹ́rẹ́," ẹ̀gbọ́n mi ní, "wọ́n ń kí ẹ." Mi ò dáhùn. "Ṣé o ya odi ni? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?" Ojú ń tì mí bí ẹni tó wà níhòòhò láàárín ọjà, omi ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò la ẹnu.

Obìnrin náà rọra gbé ẹrù ẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ò rí ewu kankan nìyẹn," ó ní. Mo mi orí pé rárá. Ó padà lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. "O purọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí n lè jẹ́ kí wọ́n la ikùn mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó kọjú sí ògiri. Mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ tàbí kí n jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò mí, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó dì í mú. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé, nínú gbogbo wàhálà yìí, mi ò tíì kí òun alára.

"Ẹ kú ewu, Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ti ń rò pé ó ti sùn.

"A dúpẹ́," ó ní.