Àlìkámà Garifalia

Oòrùn ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ń tàn yòò nígbà tí Argiri tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì àgbàlá, tó sì da àlìkámà bíbọ̀ lé e lórí kó lè gbẹ. Ọ̀la ni yóò pé ogójì ọjọ́ tí Garifalia, aya rẹ̀, ti kú. Ní erékùṣù Sámọ́sì, àwọn obìnrin ló máa ń se kóliva, àlìkámà oníṣúgà tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrántí òkú. Ṣùgbọ́n Argiri ti fàáké kọ́rí pé ọwọ́ òun ni ti Garifalia yóò ti jáde. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ oúnjẹ fún un, ṣé ilé búrẹ́dì ni wọn yóò ti lọ ra tirẹ̀?

Stamatia, ẹ̀gbọ́n Garifalia, yọjú lórí ògiri ọgbà tó pààlà ilé wọn.

"Argiri, ọwọ́ tó ń ta gòjé látọjọ́ yìí, òun náà ló fẹ́ se kóliva? Bí ṣúgà bá yọ́ lórí àlìkámà tútù níwájú àlùfáà, mi ò mọ̀ ẹ́ rí o."

"Ẹ ṣáà máa wò mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti ń wò ẹ́ látọjọ́ tó o ti fẹ́ àbúrò mi."

Mirsini, ọmọ Argiri kan ṣoṣo, rẹ́rìn-ín lórí ìwé tó ń kà. Ilẹ̀ Họ́láńdì ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yí ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìkì sí èdè ibẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti èèrà àti tsítsika, kòkòrò tó máa ń han gooro lórí igi ólífì títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi tán.

"Bàámi, àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ ẹ̀ lọ́hùn-ún, tata ni wọ́n pe tsítsika. Kò sí tsítsika lọ́dọ̀ wọn."

"Tata? Tata náà ń kọrin?"

"Ó ń gbìyànjú. Ohun tó rú mi lójú ni pé nínú ti àtijọ́, àwọn èèrà ń sá àlìkámà tó tutù lọ́wọ́ nígbà tí tsítsika wá tọrọ oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ atúmọ̀ ló fo ibẹ̀. Ta tiẹ̀ ló ń sá àlìkámà?"

Argiri nàka sí àlìkámà orí tábìlì.

Òun kò nílò ìwé fún ìtàn yẹn. "Tsítsika mi" ni Garifalia máa ń pè é. Bó bá ti ibi ìgbéyàwó kan dé pẹ̀lú gòjé léjìká, nígbà tí obìnrin náà ti fi gbogbo ọjọ́ ká ólífì, á dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "O kọrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ó dáa, máa jó nígbà òtútù." Gbólóhùn tí àwọn èèrà fi lé tsítsika lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí Garifalia bá sọ ọ́ tán, á gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà síwájú rẹ̀, á jókòó tì í, á bi í pé orin wo ni wọ́n ṣe. Èyí kò sí nínú ìtumọ̀ kankan.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun gbé e lọ lórí àga. Òjò àkọ́rọ̀ ló jí i. Kí òun àti Mirsini tó ká aṣọ náà wọlé, omi ti ń ro tótó lára rẹ̀.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká lọ rà á."

"Rárá."

Ó di àlìkámà náà mọ́ àyà, ó gba inú òjò lọ sí ilé Stamatia. Ó mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀. Ó kanlẹ̀kùn síbẹ̀síbẹ̀.

Stamatia wò ó látòkèdélẹ̀. "Kí lò ń ṣe nígbà tí oòrùn ń ràn?"

"Mo sùn."

"Ìwọ yìí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Bí ẹ bá ní èyí tó gbẹ..."

"Mo ní. Mo ti se tèmi sílẹ̀, torí mo mọ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fún ẹ."

Ọkàn Argiri rẹ̀wẹ̀sì. Ó yí padà.

"Níbo lò ń lọ? Ṣé kí n gbé tèmi fún ẹ, kí wọ́n wá máa kí ẹ kú iṣẹ́ tó ò ṣe? Gbé ìyẹn wọlé. Bọ́ bàtà ẹ."

Ó ki igi sínú ààrò, ó tẹ́ aṣọ ibùsùn gbígbẹ sílẹ̀, ó ju tówẹ́lì sí i. "Má tẹ̀ ẹ́. Rọra nù ún bí ẹni ń nu orí ọmọ tuntun."

Wọ́n ń nù ún, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ. Argiri kò mọ ìgbà tí orin bọ́ sí òun lẹ́nu. Nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó dákẹ́ wàì. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í kọrin.

Stamatia kò gbójú sókè. "Èyí tí àbúrò mi fẹ́ràn jù kọ́ nìyẹn."

"Èwo ló fẹ́ràn jù?"

"Èyí tó o fi gòjé ta níbi ìkórè àjàrà, lọ́dún tí wọ́n bí Mirsini. Bá a bá ti jọ wà lórí igi ólífì, orin yẹn ló máa ń kọ. Kò sọ fún ẹ rí?"

Argiri mi orí. Ojú rẹ̀ ti kún fún omijé. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ gbé orin náà, Stamatia sì ń nu àlìkámà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ṣúgà orí kóliva náà dúró funfun báláú títí àlùfáà fi parí àdúrà. Wọ́n bu kóliva fún oníkálukú, wọ́n ń wí pé kí Ọlọ́run dárí ji Garifalia. Ìyá àgbà kan lá ìka rẹ̀.

"Stamatia, ọwọ́ ẹ kì í yẹ̀."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi," ni Stamatia wí. "Ọkọ àbúrò mi ló sè é. Ó sè é jù díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló sè é."